Nọ́ńbà ẹ̀yà fún nightly àti ìtújáde gidi: ìdí tí apt fi ń kọ 1.5.0 sílẹ̀

Ohun tí ẹ béèrè ni pé script kan ṣoṣo ló ń kọ́ .deb yín (fáìlì tí apt fi ń gbé sọ́fítíwià sórí Debian) láti orí main, ẹ̀ka kóòdù yín gangan, ní alaalẹ́ (èyí là ń pè ní nightly), òun náà ló sì ń kọ́ ọ nígbàkúùgbà tí ẹ bá fi tag, àmì ìtújáde nínú git, lé e. Àwọn tó ti gbé 1.5.0-rc.1 (rc ni ẹ̀yà àdánwò tó ń ṣáájú ìtújáde gidi) sórí kọ̀ǹpútà wọn kò wá rí 1.5.0 gbà mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe `apt upgrade` lójoojúmọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń di package fún Debian, Fedora àti Arch láti inú repo kan náà, ọ̀ràn yìí sì ti fojú mi rí nǹkan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an.

Apt kò ṣẹ̀ yín. Dáàṣì tó kẹ́yìn nínú nọ́ńbà ni dpkg, irinṣẹ́ tí apt ń lò lábẹ́lẹ̀, fi ń gé e sí méjì: ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó kọ sọ́fítíwià, ohun tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ẹni tó dì í. Lójú rẹ̀, 1.5.0-rc.1 jẹ́ 1.5.0 tó ti pé pérépéré, tí àtúnṣe ìdì rẹ̀ ń jẹ́ rc.1. Nígbà tí 1.5.0-1 dé, apá iwájú dọ́gba, ló bá fi rc.1 wé 1. Lẹ́tà ga ju òǹkà lọ níbẹ̀, rc.1 ló borí. Semver, ìlànà kan fún kíkọ nọ́ńbà ẹ̀yà, ló ní kí ẹ fi dáàṣì ṣáájú rc, òfin tirẹ̀ sì dára láàyè ara rẹ̀, ṣùgbọ́n dpkg kò bá a mulẹ̀ lórí rẹ̀.

Àmì ~ lẹ nílò. Òun nìkan ni dpkg kà sí ohun tó kéré ju òfìfo lọ, nítorí náà 1.5.0~rc1 á wà nísàlẹ̀ 1.5.0 títí ayé. RPM, ti Fedora, náà ti gbà á láti ẹ̀yà 4.10. Arch yàtọ̀ díẹ̀: pkgver, ibi tí wọ́n ń kọ nọ́ńbà ẹ̀yà sí, kò gba dáàṣì rárá, ẹ sì gbọ́dọ̀ lẹ rc mọ́ nọ́ńbà láìsí àmì ìdánudúró láàárín. Lójú vercmp, irinṣẹ́ tí Arch fi ń wé nọ́ńbà, 1.5.0rc1 kéré sí 1.5.0, ṣùgbọ́n 1.5.0.rc1 ga jù ú lọ. Ẹ fi tag yín sílẹ̀ bó ṣe wà nínú git, kí script máa yí i padà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ti Debian kò ju èyí lọ:

`sed -E 's/^v//; s/-(rc|beta|alpha)\.?/~\1/'`

Ó kan nightly. `git describe` á fún yín ní nǹkan bíi v1.4.0-37-g1a2b3c4, ìyẹn commit (àyípadà kóòdù tí git kọ sílẹ̀) 37 lẹ́yìn v1.4.0, lẹ́tà g iwájú yẹn kì í ṣe ara hash, orúkọ tí git fún commit náà. Hash kò ní ìtẹ̀léra kankan: tòní lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú f, kí tọ̀la bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0. Ohun tó ń gòkè gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Àwọn kan ń lo iye commit. Èmi kì í lò ó, torí ọjọ́ tí ẹnìkan bá tún ìtàn ẹ̀ka kọ tó sì fi force push rán an, iye náà lè wálẹ̀. Ọjọ́ àti wákàtí commit ni mo ń lò, ní UTC:

`TZ=UTC git log -1 --format=%cd --date=format-local:%Y%m%d%H%M%S`

Ẹ kíyè sí i pé ti commit ni, kì í ṣe ti ìgbà tí ẹ kọ́ package. Bí ẹ bá tún commit kan náà kọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nọ́ńbà kan náà ni yóò jáde, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa fi data wa ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀ bọ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún clone (ẹ̀dà repo) tí kò ní gbogbo ìtàn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ CI, ẹ̀rọ tó ń kọ́ package fúnra rẹ̀, ń gbé commit kan ṣoṣo wálẹ̀ láìsí tag, `git describe` á sì kùnà. Bí script bá ní nọ́ńbà àfidípò bíi 0.0.0 nípamọ́, yóò kọ́ package náà, yóò gbé e síta, kò sì sí kọ̀ǹpútà kan tí yóò gbà á. Ẹ yọ àfidípò yẹn kúrò. Kí script kú síbẹ̀, kí ó sì pariwo. Ẹ gbé gbogbo ìtàn wálẹ̀ (`fetch-depth: 0` bó bá jẹ́ GitHub Actions lẹ ń lò), kí ẹ sì fi `--tags --match 'v[0-9]*'` kún describe, kí tag tó ń rìn káàkiri tí wọ́n sọ ní nightly má baà di ìpìlẹ̀ nọ́ńbà yín.

Ibi tó ṣòro jù nìyí: orí èwo ni ẹ ó gbé nightly kà, èyí tó ti jáde tàbí èyí tó ń bọ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ 1.4.0+git20250310, torí ohun tí describe sọ nìyẹn. Ó dára títí di ọjọ́ tí wọ́n bá tú 1.4.1 síta láti orí ẹ̀ka àtúnṣe. Tag yẹn kò sí nínú ìtàn main, nítorí náà nightly ṣì ń pe ara rẹ̀ ní 1.4.0+git, 1.4.1 sì ga jù ú lọ. Bí repo tí apt ti ń gba package bá jẹ́ ọ̀kan, apt á fa gbogbo àwọn tó wà lórí nightly padà sí kóòdù àtijọ́, á sì pè é ní ìgbéga. Mo rí i kedere nínú iṣẹ́ kan tí mo bá wọn dì: àwọn ènìyàn ń kígbe pé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń lò ti pòórá, fáìlì ètò tí nightly ti kọ ní ìlànà tuntun kò sì ṣe é kà fún 1.4.1. Ó dùn mí gan-an, nítorí àwọn tó ń gba nightly ni wọ́n ń bá wa wá àṣìṣe, àwọn ló sì jìyà rẹ̀.

Láti ìgbà náà, èyí tó ń bọ̀ ni mo ń gbé e kà: 1.5.0~git20250310093000.1a2b3c4, tí 1.5.0 ń ti inú fáìlì kékeré kan wá lórí main. Bí ẹ bá ti ya ẹ̀ka 1.5 sọ́tọ̀, kí commit tó kàn lórí main sọ fáìlì náà di 1.6.0, lójú ẹsẹ̀. Bó bá sì jẹ́ orí main gan-an lẹ ti ń fi tag lé rc, ẹ rántí pé ~git wà nísàlẹ̀ ~rc1 ṣùgbọ́n ó wà lókè ~beta1, torí lẹ́tà ni wọ́n ń wò. Nightly tó bá tẹ̀ lé rc1 nígbà náà ni kí ẹ kọ báyìí: 1.5.0~rc1+git20250402. Yóò ga ju rc1 lọ, kò sì ní tó rc2. Fún RPM, láti 4.15, àmì ^ wà fún ohun tó wá lẹ́yìn ìtújáde.

Repo méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣì pọn dandan, ọ̀kan fún nightly, ọ̀kan fún ìtújáde gidi.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun síta, ẹ jẹ́ kí CI fi nọ́ńbà tuntun wé èyí tó ti wà lórí repo náà, bí kò bá ga jù ú lọ kó dúró. `dpkg --compare-versions` fún Debian, `rpmdev-vercmp` fún Fedora, `vercmp` fún Arch. Ẹ má fi `sort -V` rọ́pò èyíkéyìí nínú wọn.

Ó ku àwọn tó ti há sórí 1.5.0-rc.1. Ẹnìkan á gbà yín níyànjú pé kí ẹ fi epoch sí i, ìyẹn òǹkà iwájú tí dpkg kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ìyókù, kó di 1:1.5.0-1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá ti fi í sí i, kò ṣe é yọ mọ́, kì í sì í hàn nínú orúkọ fáìlì .deb. Package ẹlòmíràn tó bá sì kọ pé òun ń fẹ́ ≥ 2.0 á gba 1:1.5.0 yín wọlé bí ẹni pé ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tú 1.5.1 síta, kódà bí kóòdù kò bá yí padà rárá, kí ẹ sì kọ ìdí rẹ̀ sínú changelog. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀:

`dpkg --compare-versions 1.5.1-1 gt 1.5.0-rc.1 && echo "ó ga jù ú"`