Ta ló ní ewì Yorùbá gbọ́dọ̀ parí ìlà bákan náà?

Ẹ bi mí bóyá òótọ́ ni pé ewì tí ìparí ìlà rẹ̀ kò dún bákan náà kì í ṣe ewì. Irọ́ ni! Àṣà kan nínú ewì Gẹ̀ẹ́sì ni ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ gbé wá ka orí tiwa, kò sì fetí sí ohùn rárá. Inú ohùn ni iṣẹ́ wà.

Ẹ mú èyí tí tọmọdé tàgbà mọ̀:

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀,
Ọ̀rọ̀ lẹṣin òwe,
Bí ọ̀rọ̀ bá sọnù,
Òwe la fi ń wá a.

Fáwẹ̀lì ìparí: ọ, e, u, a. Kò sí méjì tó jọra. Ohùn ìparí ńkọ́ (dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ti àárín, mí ni ti òkè)? Dò, re, dò, re. Ẹ fi ìlà kejì ṣáájú ìlà kìíní wò: ó di re, dò, dò, re. Ìtumọ̀ kò yí, ṣùgbọ́n adùn ti lọ.

Ẹ wo inú ìlà náà. Kìíní: dò re re re dò dò. Kejì: dò dò re re dò re. Kò sí mí kankan níbẹ̀. Orí "bí" ìlà kẹta ni ohùn ti kọ́kọ́ gòkè dé mí. Ìlà kẹrin wá bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ bíi ti kìíní, dò re re re. Bí ìyáàlù bá ń sọ ọ́, etí kò lè mọ èyí tó jẹ́ títí di sílébù karùn-ún: kìíní já wálẹ̀ sí dò dò, kẹrin gòkè sí mí mí, kó tó balẹ̀ sórí re.

Òǹkà sílébù jẹ́ 6, 6, 6, 7. "Ń" dá dúró ní sílébù kan, ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìṣe. Bí ẹ bá sì pe "bí ọ̀rọ̀" ní "bọ́rọ̀", bó ṣe ń jáde lẹ́nu, ìlà kẹta di 5. Ta ló lè fi irú òǹkà bẹ́ẹ̀ ṣòfin? Èémí ló ń gé ìlà. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kà á sókè, ẹ gé e níbi tí èémí ti dúró, kí ẹ tó kọ dò, re, mí sábẹ́ sílébù kọ̀ọ̀kan.

"Iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́" náà, re mí àti dò mí ló gbé e ró. Lónìí wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù ní "ise loogun ise", wọ́n á tún máa bi wá pé ewì dà.

Ẹni tó bá wù lè fi fáwẹ̀lì parí ìlà nínú ewì àpilẹ̀kọ. Àmọ́ fáwẹ̀lì àìránmúpè wa kò ju 7 lọ, kọ́ńsónáǹtì kì í sì parí ọ̀rọ̀ wa, nítorí náà kò gba làálàá kankan. Bí ohùn bá tún yàtọ̀, bíi ọkọ́ àti ọkọ̀, etí Yorùbá kò ní gbà pé wọ́n dún bákan náà.