Kí Ẹ Tó Gbé Àgọ́ Lọ sí Etíkun Wales: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin afinimọ̀nà wa. Olùkọ́ ni mí ní Òkè-Ìlèwó, ní Abẹ́òkúta níhìn-ín. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Cardiff ní kí n wá lo ìsinmi oṣù Kẹjọ lọ́dọ̀ òun. Ó ti pinnu pé a ó fi ọjọ́ mẹ́rin rìn létí òkun Pembrokeshire ní Wales, láti Sandy Haven títí dé Newgale, a ó sì máa sùn sínú àgọ́. Ó ní ẹnu odò méjì wà lọ́nà tí a ó fẹsẹ̀ là kọjá. Mo máa ń gun Òkè Olúmọ, ìrìn kò sì bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n n kò mọ òkun. Kí ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀, kí ni kí n gbé dání, ṣé ibi tí ilẹ̀ bá sì ti ṣú bá wa la lè pàgọ́ sí?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúrasílẹ̀, olùkọ́. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, gbólóhùn kékeré kan ni mo fẹ́ dá lóhùn jùlọ, ìyẹn ni pé ẹ kò mọ òkun. Ẹsẹ̀ tó ń gun Olúmọ yóò gun àwọn òkè etíkun Wales. Ẹrù yóò wúwo, ẹ ó sinmi, ẹ ó sì tún máa lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ìrìn yín, agbára ẹsẹ̀ kọ́ ni yóò sọ aago tí ẹ ó gbéra. Òkun ni yóò sọ ọ́, ó sì yẹ kí ẹ ti mọ ohun tí yóò sọ kí ẹ tó kúrò ní Cardiff.

Àwa tí a ń gbé nítòsí Odò Ògùn mọ omi tó ń kún nígbà òjò tó sì ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Odò a máa lo ọ̀sẹ̀, a tilẹ̀ máa lo oṣù, kí ó tó yí padà, ẹni tó bá sì ń gba afárá Láfẹ́nwá kọjá lójoojúmọ́ yóò ti rí i pé ó ń bọ̀. Òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Láìsí òjò kankan, omi rẹ̀ máa ń kún, ó sì máa ń fà, lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́jì lójúmọ́, nítorí pé òṣùpá àti oòrùn ń fà á. Láti ìgbà tó bá kún tán títí di ìgbà tí yóò tún kún tán jẹ́ nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25, èyí ló fà á tí aago rẹ̀ fi ń sún síwájú ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 lójoojúmọ́. Ní Èkó, ìyàtọ̀ láàrin omi tó kún àti omi tó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, nítorí náà ẹni tó ti lọ ṣeré létíkun Èkó lọ́pọ̀ ìgbà lè má kíyè sí i rárá. Ní Milford Haven, èbúté tó sún mọ́ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀, ìyàtọ̀ náà máa ń lé ní mítà 6 ní ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn tí òṣùpá tuntun bá lé tàbí tí ó bá di àrànmọ́jú, ó sì máa ń dín kù sí nǹkan bíi mítà 3 nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìlàjì.

Omi náà kì í sì í gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Àwọn atukọ̀ ní ìṣirò kan tó rọrùn: ní wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí omi bá fà tán, ìdá kan nínú méjìlá péré ni yóò fi ga sí i, ní wákàtí kejì, ìdá méjì, ní wákàtí kẹta àti ìkẹrin, ìdá mẹ́ta-mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni yóò tún rọra, ìdá méjì, kó tó wá kan ìdá kan tó kù. Bí gbogbo ìyàtọ̀ bá jẹ́ mítà 6, a jẹ́ pé láàrin wákàtí kẹta nìkan, omi yóò fi mítà kan àti ààbọ̀ ga sí i. Ohun tó máa ń tan àlejò jẹ nìyẹn. Yóò jókòó sórí iyanrìn, yóò rí i pé láti bíi wákàtí kan omi kò ṣe nǹkan kan tó yanjú, yóò sì rò pé àyè ṣì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹnu odò méjèèjì. Ní Sandy Haven, òkúta tí wọ́n tò sínú omi ni ẹ ó máa tẹ̀ kọjá, ó sì ṣeé gbà láti wákàtí méjì àti ààbọ̀ ṣáájú ìgbà tí omi bá fà tán títí di wákàtí méjì àti ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Gann, nítòsí abúlé Dale, wákàtí mẹ́ta àti ààbọ̀ ni, ṣáájú àti lẹ́yìn. Nǹkan bíi kìlómítà 7 ló wà láàrin méjèèjì, nítorí náà ẹ lè fi omi fífà kan ṣoṣo gba méjèèjì kọjá bí ẹ bá gbéra lásìkò. Ká ní omi yóò fà tán ní aago kan ọ̀sán: Sandy Haven yóò ṣí ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀, Gann yóò sì tì ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bí ẹ bá tẹ òkúta Sandy Haven kọjá ní aago mọ́kànlá, wákàtí márùn-ún àti ààbọ̀ ló wà níwájú yín, ẹ sì lè jẹun lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ojú irin láti Cardiff, tó ń gba nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta kó tó dé Milford Haven, bá já yín sílẹ̀ tí ẹ fi dé etí omi ní aago mẹ́ta, òkúta ṣì lè yọ síta lóòótọ́, àmọ́ wákàtí kan àti ààbọ̀ kò tó fún ẹni tó gbé àgọ́ sẹ́yìn láti rin kìlómítà 7 lórí òkè àti ìsàlẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lọ sùn sí ibùdó àgọ́ Sandy Haven lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ìrìn gan-an tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ aago ní ìdẹkùn kan. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹta títí di èyí tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà máa ń bára mu, nítorí náà ẹ kò ní yí aago ọwọ́ yín padà. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí wọ́n ń tẹ aago omi sí máa ń lo aago GMT nígbà mìíràn, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi wákàtí kan kún. Àwọn mìíràn sì ti bá yín fi kún un. Ẹni tó bá tún fi wákàtí kan kún èyí tí wọ́n ti fi kún yóò dé ẹnu odò nígbà tí omi ti ń padà bọ̀. Ẹ ka àkọlé ìwé náà dáadáa, ẹ sì rí i pé Milford Haven ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Nígbà tí òṣùpá bá jẹ́ ìlàjì, omi kì í fà jìnnà, nítorí náà ẹ má ṣe lo wákàtí náà tán. Ẹ sún mọ́ àárín rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ibẹ̀ tí omi ti bo òkúta, kí àbúrò yín má ṣe sọ pé kò ju orúnkún lọ. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Ọ̀nà àyíká wà: nǹkan bíi kìlómítà 6 ní Sandy Haven, nǹkan bíi 4 ní Gann. Ó ń sú ni, kò sì lẹ́wà, ṣùgbọ́n títì gidi ni.

Òfin kan náà ló wà fún àwọn etíkun oníyanrìn tó rẹwà bíi Marloes Sands àti Druidston. Orí òkè ni ipa ọ̀nà gbà, kì í ṣe orí iyanrìn. Ẹ lè sọ̀ kalẹ̀ lọ wo òkun nígbà tí omi bá ń fà, kí ẹ sì ti gòkè padà kí ó tó yí, nítorí pé bèbè òkè ló wà lẹ́yìn iyanrìn náà, omi sì máa ń dé ìdí rẹ̀. Lórí òkè fúnra rẹ̀, ẹ má retí irin ìdìmú tàbí àtẹ̀gùn bíi ti Olúmọ. Àlàfo kò sí láàrin koríko àti ọ̀gbun níbòmíràn, etí ilẹ̀ náà sì máa ń ya lulẹ̀. Ẹni tó gbé àpò ńlá sẹ́yìn ni atẹ́gùn ń tì jù. Bí ó bá le, ẹ rìn sí apá ilẹ̀.

Ní ti ibi tí ẹ ó pàgọ́ sí, rárá ni ìdáhùn mi. Ní Wales àti England, kò sí ẹ̀tọ́ láti pàgọ́ sórí ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ, àfi ní apá kan Dartmoor ní England. Àwọn àwòrán tí ẹ máa ń rí, tí àgọ́ kan dá wà lórí òkè létí omi, Scotland ni púpọ̀ nínú wọn, níbi tí òfin ọdún 2003 ti fún arìnrìn-àjò ní ẹ̀tọ́ náà. Pípàgọ́ sórí iyanrìn burú ju rírú òfin lọ, ẹ sì ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Ibùdó àgọ́ tí a ń sanwó sí wà ní Sandy Haven, nítòsí Marloes àti ní Newgale, ilé ìgbàlejò àwọn arìnrìn-àjò sì wà ní Broad Haven. Oṣù Kẹjọ ni àwọn ọmọ ilé ìwé tiwọn náà ń sinmi, nítorí náà ẹ gba àyè sílẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú.

Gbogbo ọ̀nà etíkun Pembrokeshire, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1970, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 300. Tiyín yóò jẹ́ bíi 55. Ọjọ́ kìíní kúrú, láti Sandy Haven dé Dale. Ọjọ́ kejì yóò yí St Ann's Head ká dé Marloes. Ọjọ́ kẹta, láti Marloes dé Broad Haven, ló gùn jù, ó tó bíi kìlómítà 20, ìdí rèé tí mo fi fẹ́ kí ẹ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ ó gba Martin's Haven kọjá, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń lọ sí erékùṣù Skomer. Àwọn ẹyẹ puffin tí gbogbo ayé ń torí rẹ̀ lọ síbẹ̀ sábà máa ń ti lọ nígbà tí oṣù Kẹjọ bá wọlé, nítorí náà ẹ má ṣe tìtorí wọn sanwó ọkọ̀. Ẹ wo èbúté kéékèèké nísàlẹ̀ òkè dípò rẹ̀, nítorí ìgbà náà ni àwọn ẹran omi tí wọ́n ń pè ní seal bẹ̀rẹ̀ sí bímọ. Ọjọ́ kẹrin rọrùn, bọ́ọ̀sì sì wà ní Newgale tí yóò gbé yín dé Haverfordwest láti wọ ọkọ̀ ojú irin padà.

Ẹrù ni ó kù. Mo mọ̀ pé aṣọ àdìrẹ ọjà Ìtókú ni ọwọ́ yín yóò kọ́kọ́ kàn, ṣùgbọ́n ẹ fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí ẹ bá padà dé Cardiff. Òwú máa ń mu omi, kì í tètè gbẹ, ara tó tutù nínú atẹ́gùn sì lè wọ inú ewu láìjẹ́ pé òtútù náà le púpọ̀. Ní alẹ́ oṣù Kẹjọ, ooru ibẹ̀ a máa wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n 12, ó sì tutù ju ọyẹ́ tiwa lọ. Ẹ wọ aṣọ tó ń tètè gbẹ, ẹ mú súwẹ́tà onírun àgùntàn àti aṣọ òjò tó nípọn tó láti dá atẹ́gùn dúró. Nǹkan tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́ àpò ìsùn ṣe pàtàkì tó àpò ìsùn fúnra rẹ̀, nítorí ilẹ̀ ló ń fa ooru kúrò lára ẹni. Kí gbogbo ẹrù má ju kílò 12 lọ. Ẹ ra bàtà yín báyìí, kí ẹ sì fi gun Olúmọ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn kí ó tó di ọjọ́ ìrìn.

Ẹ má gbé agolo gáàsì wọ ọkọ̀ òfurufú, ìbáà ṣe nínú ẹrù ọwọ́ tàbí èyí tí ẹ fi sílẹ̀ fún wọn; Cardiff ni ẹ ó ti rà á. Páwà báǹkì gbọ́dọ̀ wà nínú ẹrù ọwọ́. Wọn kò gba ẹran àti wàrà wọlé láti Nàìjíríà, nítorí náà kílíṣí yóò dúró sílé. Gàrí ni mo máa ń gba àwọn arìnrìn-àjò níyànjú láti mú: ó fúyẹ́, kò sì fẹ́ iná. Làfún kò bá àgọ́ mu, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ó ti ń jẹ gáàsì tó.

Físà àlejò fún oṣù mẹ́fà tó fún ìrìn yìí, ẹ sì lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ tí ẹ ó gbéra. Ẹ ra ìbánigbófò tó kọ ìrìn ẹsẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, nítorí bí ẹ bá fara pa débi tí wọ́n á dá yín dúró ní ilé ìwòsàn, owó ni ẹ ó san.

Ìrànlọ́wọ́ láti inú òkun kì í ṣe títà. Bí omi bá ká yín mọ́ tàbí ẹnìkan bá ṣubú, ẹ pe 999, ẹ sì béèrè fún Coastguard, ìyẹn àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun, kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti gun bèbè òkè náà, ẹ má sì ṣe lúwẹ̀ẹ́. Ẹ gun ibi tó ga jù tí ẹsẹ̀ yín lè dé láìfewu, ẹ dúró síbẹ̀, ẹ sì tan tọ́ọ̀ṣì yín bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Fóònù kì í mú dáadáa nínú àwọn èbúté kéékèèké, ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ lè kọjá níbi tí ìpè kò ti lè kọjá. Ẹ fi síìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999, kí ẹ sì tẹ̀lé ohun tí wọ́n bá dá padà, kí wọ́n lè máa gba àtẹ̀jíṣẹ́ yín. Ní Cardiff ni kí ẹ ti ṣe èyí, àti ẹ̀yin àti àbúrò yín.