Gìtá olókùn méjìlá: ojúlówó àti àfijọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń lu gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo. Ẹnì kan fẹ́ ta gìtá oníná olókùn méjìlá fún mi. Ó jọ Rickenbacker 360/12, gìtá ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, gan-an, àmọ́ orúkọ mìíràn ló wà lórí rẹ̀. Ṣé ohùn wọn á jọra?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo bí okùn ṣe tò. Méjì-méjì ni wọ́n. Lẹ́tà ni a fi ń pe ohùn wọn. E nínípọn, A, D àti G ní okùn nínípọn kan pẹ̀lú tínrín tó fi ọ̀kítéèfù kan (ohùn kan náà, ṣùgbọ́n lókè) ga jù ú lọ; ti B àti E tó gbẹ̀yìn, ohùn kan náà ni. Lórí ọ̀pọ̀ gìtá, tínrín ni ọwọ́ tó ń lọ sílẹ̀ ń kọ́kọ́ kàn. Lórí Rickenbacker, nínípọn ni. Ó wà lára ohun tó mú gìtá George Harrison, ti ẹgbẹ́ olórin Beatles, dá yàtọ̀ lọ́dún 1964.

Bí ẹ bá fẹ́ kí okùn tiyín tò bíi ti Rickenbacker, ẹ má kàn gbé okùn pààrọ̀ àyè o! Okùn nínípọn kò ní wọ ojú ihò tínrín, tínrín á sì máa mì nínú ihò fífẹ̀. Kí oníṣẹ́ gé egungun tuntun sí orí ọrùn, ìyẹn ibi tí àwọn ihò okùn náà wà.

Ọrùn ojúlówó há, bíi mílímítà 41. Bí ìka yín bá tóbi, àfijọ tí ọrùn rẹ̀ fẹ̀ lè sàn fún yín, lójú tiwa. Ẹ wo píkọ́ọ̀pù náà, ìyẹn ohun tó ń gba ohùn lábẹ́ okùn: bó bá jẹ́ oníkọ́ìlì (wáyà tí a ká jọ) méjì, ohùn rẹ̀ á ki ju ti ojúlówó lọ.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ tún gbogbo okùn rẹ̀ ṣe dé ohùn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ wá wò ó bóyá ọrùn ti tẹ̀. G tínrín ló máa ń tètè já. Ẹ ra méjì sí i.