Báwo ni mo ṣe lè ṣàlàyé fún ọmọ ọdún márùn-ún ìdí tí òṣùpá fi ń yí ìrísí padà?

Bọ́ọ̀lù funfun kékeré kan àti gílóòbù iná tí kò ní ìbòrí ti tó. Ẹ pa iná yòókù, ẹ ti fèrèsé, kí gílóòbù náà ga tó orí ọmọ. Gílóòbù ni oòrùn, orí ọmọ ni ayé, bọ́ọ̀lù ni òṣùpá. Kí ọmọ na bọ́ọ̀lù síwájú, kó ga ju orí rẹ̀ lọ díẹ̀, kó wá máa yí sọ́wọ́ òsì lójú kan náà, díẹ̀díẹ̀. Tó bá kọjú síná, ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀lù tó ń wò á ṣókùnkùn. Tó bá kẹ̀yìn síná, gbogbo rẹ̀ á mọ́lẹ̀: àrànmọ́jú nìyẹn. Bí bọ́ọ̀lù ò bá ga tó, òjìji orí ọmọ á bò ó. Ẹ má sọ fún un pé òjìji ayé ló ń gé òṣùpá kù lóṣooṣù; ọ̀pọ̀ àgbà ló ń ṣi èyí wí.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ọ̀run níhà ìwọ̀ oòrùn, ní ìrọ̀lẹ́ tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, kí ọmọ máa yà á sínú ìwé. Ọjọ́ 29 àbọ̀ ni òṣùpá fi ń yí ìrísí rẹ̀ padà tán, kó tó tún lé ní tuntun. Nílẹ̀ Yorùbá, oṣù tuntun sábà máa ń dùbúlẹ̀ bí igbá, kì í nàró bíi ti ìwé òyìnbó. Ohun tó rí ni kó yà. Lẹ́yìn àrànmọ́jú, nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 ni òṣùpá fi ń pẹ́ sí i kó tó yọ lójoojúmọ́, ọmọ á ti sùn. Ẹ wá a láàárọ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ sílé ìwé.