Ṣé mo lè kó ọmọ àrọ̀, goldfish àti guppy (ẹja kéékèèké tí wọ́n ń sìn fún ẹwà) pọ̀ sínú táǹkì gíláàsì lítà 60 nílé mi l'Ẹ̀pẹ́, mélòó ló sì máa gbà?

Rárá, ẹ má kó wọn pọ̀: guppy nìkan ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, nǹkan bíi 10 sì ti tó. Àrọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń wò pé ó kéré yẹn, ẹja yòówù tó bá ti wọ ẹnu ẹ̀ ló máa gbé mì lóru, tó bá sì dàgbà ó lè gùn ju mítà 1 lọ, póńdù ló yẹ ẹ́. Goldfish náà máa ń tóbi, ìgbẹ́ ẹ̀ pọ̀, omi tútù ló sì fẹ́, guppy ní tiẹ̀ ń fẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ má kó gbogbo 10 sí i lọ́jọ́ kan ṣoṣo o, ẹ fi 3 bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wá máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6, torí ìgbẹ́ ẹja ló ń di amóníà tó ń pa wọ́n, bakitéríà tó ń yí amóníà yẹn padà ò sì tíì pọ̀ nínú fílítà (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táǹkì) tuntun. Ọ̀rọ̀ iná náà tún wà níbẹ̀. Tí NEPA bá mú iná, pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ á dúró, omi gbígbóná kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n á wá sójú omi tí wọ́n á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín nímọ̀ràn láti kọjá 10. Tẹ́ ẹ bá ra akọ pọ̀ mọ́ abo, wọ́n á bímọ kíákíá, iye yẹn á sì lé, torí náà akọ nìkan ló dáa jù.