Ìyá mi ya echo lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà ò bára mu

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 71 ni ìyá mi, aṣọ ni wọ́n ń tà. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin, wọn kì í lè gun àtẹ̀gùn ilé wa dé òkè kí wọ́n má jókòó sí agbedeméjì láti mí. Dókítà gbọ́ àyà wọn, ó ní fáàfù kan nínú ọkàn wọn ti há, ó ní ká lọ ya echo, àwòrán ọkàn tí wọ́n ń fi ìró yà. Ibi tí a kọ́kọ́ lọ kọ 3.6 m/s síwèé, wọ́n ní kò tíì le jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta a lọ síbòmíràn, àwọn yẹn kọ 4.2 m/s, wọ́n ní ó ti le gan-an, ká máa múra iṣẹ́ abẹ. Àbúrò mi ní ẹ̀rọ ibi àkọ́kọ́ ló ti gbó. Ìyá ní àwọn ò lọ síbì kankan mọ́. Èwo ni ká gbà gbọ́?
Ọmọ Aláṣọ, Odòsídà, Oǹdó

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò yín pé kó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ná. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń ya echo ní Àkúrẹ́ níbí, mo sì ti rí ẹ̀rọ tuntun, tí ọ̀rá ò tíì kúrò lójú rẹ̀, tó gbé nọ́ńbà tí kò lórí tí kò nídìí jáde nítorí ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ fún yín, eré tí ẹ̀jẹ̀ ń sá gba fáàfù tó há yẹn kọjá ni: iye mítà tó ń sá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, òun ni m/s. Ẹ̀rọ yìí kì í ti rúlà bọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìró ló ń rán wọlé, ìró tí etí ọmọ ènìyàn ò lè gbọ́. Ìró náà á kọ lu ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré, á sì padà pẹ̀lú ohùn tó ti yí. Ẹ dúró lẹ́bàá títì Ọ̀yẹ́mẹ́kùn lọ́jọ́ kan kí ẹ tẹ́tí sí tírélà tó ń fọn fèrè bọ̀: bó ṣe ń bọ̀, ohùn fèrè á tínrín; bó bá ti kọjá yín báyìí, á wálẹ̀. Christian Doppler, ará Austria, ló kọ ọ́ síwèé lọ́dún 1842. Ìràwọ̀ ló ń rò nígbà yẹn o, kì í ṣe ọkàn ẹnikẹ́ni. Ní 1953, ní ìlú Lund ní Sweden, Edler, dókítà ọkàn, àti Hertz, onímọ̀ físíìsì, fi ìró wo bí ọkàn ṣe ń mì. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti yá ẹ̀rọ, àwọn yẹn fi ń wá ibi tí irin ti sán. Mo máa ń rántí ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ̀rọ òun gbó.

Ìró tó ń padà yìí kéré púpọ̀, ariwo sì ti dà pọ̀ mọ́ ọn: ti ògiri ọkàn tó ń mì, ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rọ á kọ́kọ́ sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, á gbé èyí tó kù sókè, á wá fi ya àwòrán funfun sórí ilẹ̀ dúdú. Bí eyín ayùn tó dorí kodò ló rí, eyín kan fún ìlù ọkàn kan. Ẹni tó ń yà á á gbé àmì sí ṣóńṣó eyín náà. Ibi tí àmì bá dúró sí, ibẹ̀ ni nọ́ńbà ti ń jáde.

Ibẹ̀ náà ni wàhálà wà. Bọ́tìnì kan wà tí à ń pè ní gain. Ẹ fi wé rédíò tí kò gbá ilé iṣẹ́ dáadáa: bí ẹ bá yí i sókè kí ohùn lè dún, ṣùú-ṣùú tó wà lẹ́yìn ohùn náà á ga pẹ̀lú. Bí a bá yí gain sókè jù, eyín ayùn á hu irùngbọ̀n. Nǹkan kan bí eérú á máa yọ nísàlẹ̀ ibi tó funfun dáadáa. Ojú tó ti rẹ̀, tó ti wo ogún èèyàn lọ́jọ́ náà, á gbé àmì sí ìsàlẹ̀ irùngbọ̀n dípò àgbọ̀n. Bí gain bá sì lọ sílẹ̀ jù, ṣóńṣó á pòórá, nọ́ńbà á kéré.

Mo ṣe é rí. Ọdún kejì mi nídìí iṣẹ́ ni, mo sì fẹ́ràn kí àwòrán máa dán. Mo kọ 4.3 fún bàbá kan, àgbẹ̀ kòkó láti Ìdànrè. Àwọn ọmọ wọn ti ń wá ẹni tó máa ra ilẹ̀ kan kí owó iṣẹ́ abẹ lè jáde. Ọ̀gá mi obìnrin, tó máa ń yẹ iṣẹ́ wa wò, ní kí n pe bàbá padà. Bàbá fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ọ̀gá ò sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ń yí bọ́tìnì yẹn padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, irùngbọ̀n ń já bọ́, títí etí eyín fi mú bí abẹ. 3.8 ló kù. Wọ́n fúnra wọn nu jẹ́lì kúrò láyà bàbá, wọ́n wá wò mí.

Ẹ lè ní kí ni 0.5 já mọ́. A kì í fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. À ń sọ ọ́ di púpọ̀ nípa ara rẹ̀, ká tún wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kó tó di ìyàtọ̀ ìfúnpá láàárín ẹ̀yìn àti iwájú fáàfù náà, tí à ń fi mmHg wọ̀n bíi ti ìfúnpá apá. 3.6 ti ìyá yín á di 52 mmHg. 4.2 á di 71. Bí eré ẹ̀jẹ̀ níbi fáàfù yìí bá sì ti tó 4 m/s, a máa ń pè é ní èyí tó le. Orí ààlà gan-an ni ìyá yín wà, ẹsẹ̀ kan níbí, ẹsẹ̀ kan lọ́hùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré gba 3.6 nítorí pé òun ló dùn ún gbọ́. Ìró gbọ́dọ̀ kojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń tú jáde. Bí a bá fi dígírì 20 yà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, nǹkan bí 6 nínú 100 nọ́ńbà náà ti lọ. Ní dígírì 30, 13 ti lọ. Yíyà yìí kì í fi kún nọ́ńbà, dídín ló máa ń dín in. Àwọn kan á gbé ohun èlò sí abẹ́ ọmú òsì nìkan, wọ́n á ní ó tán. Ó yẹ kí wọ́n tún fi ìyá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún kí wọ́n wò ó láti apá ọ̀tún egungun àyà. Nínú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ibẹ̀ ni nọ́ńbà tó ga jù ti ń jáde. Nítorí náà 4.2 lè jẹ́ irùngbọ̀n, 3.6 sì lè jẹ́ ẹni tó gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé.

Bí a ṣe ń ṣírò bí fáàfù ṣe fẹ̀ tó náà ní tirẹ̀. À ń wọn ìbú ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ fáàfù. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2.0, ààyè ẹnu rẹ̀ á jẹ́ 3.14 cm², bí ẹnìkan bá gbé àmì sí 1.8, ó di 2.54. Mìlímítà méjì péré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìdá kan nínú márùn-ún lọ.

Ẹ má lọ síbi kẹta kí wọ́n wá bá yín ṣe adájọ́. Ẹ gba àwòrán méjèèjì, kì í ṣe ìwé àbájáde nìkan, kí ẹ kó wọn fún dókítà ọkàn kan ṣoṣo. Ẹ bi í bóyá etí eyín mú tàbí ó hu irùngbọ̀n, bóyá wọ́n wò ó láti apá ọ̀tún, iye ìlù ọkàn tí wọ́n wọ̀n. Ẹ bi í pẹ̀lú ohun tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá jẹ́ lọ́jọ́ méjèèjì, àti bóyá ibà ń ṣe wọ́n tàbí ẹ̀jẹ̀ wọn kéré, nítorí ìwọ̀nyí máa ń mú ẹ̀jẹ̀ sáré. Bí ó bá ní kí a tún un yà lójú òun, ẹ gbà. Àtẹ̀gùn tí wọn ò lè gùn yẹn kò ti inú bọ́tìnì kankan wá, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Bí òòyì bá kọ́ wọn lójú, tí wọ́n dákú, tàbí tí àyà ń dùn wọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú òyìnbó ní ká ya fọ́tò echo bàbá wa ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣé ó tó?
Ẹni tó ń gbé ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́

ÌDÁHÙN: Fún ìkíni, ó tó. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó lè yára lọ, etí tí mo ń pariwo rẹ̀ lókè yìí ló sì máa ń bàjẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tún gé ìwọ̀n ẹ̀gbẹ́ àwòrán kúrò. Ẹ bẹ ibi tí wọ́n ti yà á kí wọ́n kó ojúlówó rẹ̀ sínú CD tàbí fláàṣì, pẹ̀lú fídíò rẹ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà wẹ́wẹ́ dídán yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ kúrò lóòrùn, ẹ má sì gbé e lọ fún àwọn tó ń fi ọ̀rá bo ìwé. Ooru ló ya àwòrán sórí bébà yẹn. Ìyá kan ṣe bẹ́ẹ̀ kó má baà fàya, ó gbé e wá bá mi tìdùnnú-tìdùnnú: ó dán, ó le, ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò.