Ṣé kí n fi owó alájẹṣẹ́kù ra ẹ̀rọ CNC?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Abẹ́òkúta ni mò ń gbé. Mo mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa, mo sì ní yàrá kan tó ṣófo lẹ́yìn ilé. Mo fẹ́ yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa kí n fi ra ẹ̀rọ CNC, ìyẹn ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí láti gbẹ́ pákó, kí n máa fi ṣiṣẹ́ nírọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀. Ṣé owó wà nídìí rẹ̀ lóòótọ́? Irú èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, owó wà nídìí rẹ̀. Òun ni mo fi ń jẹun n'Ìbàdàn níbí. Àmọ́ má tíì yá owó yẹn. Ẹ̀rọ kì í wá oníbàárà fúnni. Ìwọ lo máa wá wọn, o sì lè wá wọn kí ẹ̀rọ tó dé.

Wá iṣẹ́ 5 tí èèyàn máa sanwó fún. Ya àwòrán wọn fúnra rẹ lórí kọ̀ǹpútà, gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ti ní ẹ̀rọ, kí ó bá ọ gé e, kí o sì san owó iṣẹ́ fún un. Èrè tó máa kù sí ọ lọ́wọ́ lè má ju owó ọkọ̀ lọ. Kò burú. Lẹ́yìn iṣẹ́ 5 yẹn, wàá ti mọ ẹni tó ń rà, ohun tó ń rà, àti bí nǹkan náà ṣe máa ń tóbi tó. Ìgbà yẹn la tó lè sọ̀rọ̀ irú ẹ̀rọ tó yẹ ọ́.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Abẹ́òkúta lo wà, ọjà àdìrẹ Ìtokú ni màá kọ́kọ́ rán ọ lọ. Láyé àtijọ́, páànù ni wọ́n ń gé ní bátànì tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀kọ sára àdìrẹ. Lónìí, fóòmù ni ọ̀pọ̀ aláàdìrẹ ń fi abẹ gbẹ́, tí wọ́n ń rì bọ inú àbẹ́là yíyọ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ. Fóòmù kì í pẹ́ bàjẹ́, ọwọ́ kì í sì í gbẹ́ bátànì kan náà lẹ́ẹ̀mejì kó ṣe déédéé. Ibẹ̀ ni àyè rẹ wà. Kí àwọn ìyá tó wà níbẹ̀, jókòó tì wọ́n, kí o bèèrè bátànì tí wọ́n ń lò jù. Fún àbẹ́là, pákó ni kí o fi gbẹ́ òǹtẹ̀ wọn, torí ooru á ká ike kò. Fún ẹ̀kọ, ike pẹlẹbẹ dára.

Nǹkan méjì ló máa ń dójú ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Bí lẹ́tà bá wà lára òǹtẹ̀, kí o gbẹ́ ẹ ní òdì, bí a ṣe ń rí i nínú dígí, kó lè ka déédéé lára aṣọ. Ti bátànì ike sì nìyí: bí o bá gé O, àárín rẹ̀ á já bọ́ sílẹ̀. O ní láti fi afárá tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ tó máa so àárín náà mọ́ ẹ̀gbẹ́. Èmi kì í jẹ́ kí afárá yẹn kéré sí mílímítà 3, torí irin ni wọ́n fi ń ha ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀ léraléra. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kí o fi lésà gé ike PVC. Gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń jẹ irin ẹ̀rọ.

Bó bá jẹ́ òǹtẹ̀ àti pátákó orúkọ ni iṣẹ́ 5 náà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní 3018 ti tó fún ọ. Nọ́ńbà yẹn gan-an ni ìwọ̀n rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 18. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn àti orí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀rọ̀ yí padà. Pákó àtọwọ́dá tí wọ́n ń pè ní MDF, odindi kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 4, ẹ̀rọ 1325 ló lè gbà á, èyí tó jẹ́ mítà 1.3 sí 2.5. Yàrá ẹ̀yìn ilé kò gbà á, ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ iná oníféèsì mẹ́ta. Máa bá a lọ láti sanwó fún ẹni tó ní in.

Ọ̀rọ̀ iye tí wàá máa gbà ló ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àwọn tó mọṣẹ́ tí wọ́n jẹ gbèsè. Wọ́n ń wo iye tí aládùúgbò ń gbà, wọn kì í ṣírò wákàtí. Ká ní ẹ̀rọ àti gbogbo ohun èlò rẹ̀ jẹ́ ₦1,200,000. Bí o bá ń lò ó fún wákàtí 10 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, ọdún 2 á fún ọ ní wákàtí 1,000. Ẹ̀rọ nìkan ti jẹ ₦1,200 lórí wákàtí kan. Fi epo jẹnẹrétọ̀ kún un, ká pè é ní ₦1,500. Bíìtì, ìyẹn irin ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ pákó, máa ń kú: ₦500. Pákó tó máa bàjẹ́, ₦300. Ó ti di ₦3,500 lórí wákàtí kan kí o tó san kọ́bọ̀ fún ara rẹ. Wákàtí tí o fi ya àwòrán àti èyí tí o fi ha ojú pákó dán, owó tiwọn náà wà lọ́tọ̀. Gba àsansílẹ̀ kí bíìtì tó kan pákó.

Má fojú kéré ₦300 yẹn. Kọ́fíńtà kan gbé ìrókò wá fún mi nígbà kan, kí n gbẹ́ ẹyẹ sára ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ wákàtí 4 ni. Ó ku díẹ̀ kó parí, ohùn ẹ̀rọ yí padà, ó ń han gooro. Ìrókò máa ń ní òkúta funfun nínú, ibi tí ojú kò rí. Bíìtì ṣẹ́, kùkùté rẹ̀ fa ilà kan gba ojú ẹyẹ náà kọjá títí dé apá rẹ̀. Mo ra pákó míì fún un. A kò tíì sọ ẹni tó máa ru ẹrù rẹ̀ bí pákó bá bàjẹ́, mo sì mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Arère ni kí ìwọ fi kọ́ṣẹ́, ó rọ̀, ó sì fúyẹ́.

Bó o bá ń ra ẹ̀rọ, rí i pé ó ní súìṣì tó ń dá a padà sí ojú ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́ tí kò sì ní in, wàá máa fi ojú wá ibi tó dúró, mílímítà 1 péré tí o bá fi ṣìnà, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Fi ìbòmú tó dára bo imú. Kì í ṣe aṣọ lásán. Eruku ìrókò ń yún ara, ó sì ń dí èémí, kí o sì máa wọ gíláàsì tó ń dáàbò bo ojú. Ní ti àwòrán, Inkscape àti FreeCAD, ètò ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, jẹ́ ọ̀fẹ́, o sì lè fi wọ́n ṣòwò.

Lọ sí Ìtokú ní ọjọ́ ọjà. Bí o bá ti rí bátànì 3 gbà, ya wọ́n, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Màá bá ọ wo afárá wọn kí o tó sanwó fún ẹnikẹ́ni láti gé e.